Agbára Nìkan Kò Tó: Èdè-Ìperí fún Ìmúbáramu Àńpìlífáyà àti Sípíkà Ọkọ̀

Alágbára má mèrò, baba ọ̀lẹ ni, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ti máa ń wí. Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ ibi tí òwe yìí ti ń ṣẹ lójoojúmọ́ ní òde òní, kí ó lọ sí ìsọ̀ àwọn tí ń so rédíò àti sípíkà mọ́ ọkọ̀. Ọ̀fà, ní Ìpínlẹ̀ Kwara, jẹ́ ibi tí ọ̀ràn náà ti hàn kedere. Ìlú tí gbogbo Yorùbá mọ̀ mọ́ ìjàkadì ni. Ojú irin tí ó ti Èkó lọ sí Kánò gba ibẹ̀ kọjá. Ọjà Owódé ń pe ará ilé àti ará oko. Ọkọ̀ sì ń ti ibẹ̀ lọ sí Ìlọrin àti sí Òṣogbo. Nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ tí kò bá lè kọrin fún èrò kò tíì pé ní ọkọ̀ lójú ọ̀pọ̀ awakọ̀.

Èdè Yorùbá ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Òun ni wọ́n fi ń ná ọjà, òun ni ọ̀gá fi ń kọ́ ọmọ iṣẹ́, òun náà ni wọ́n sì fi ń jà nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti dé orí nọ́ńbà tí a kọ sí ẹ̀yìn ẹ̀rọ, gbogbo ọrọ̀ èdè náà a súnkì di ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: agbára. “Agbára èyí pọ̀.” “Agbára tọ̀hún kò tó.” Pẹ̀lú ẹyọ ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n fi ń ra sípíkà, pẹ̀lú rẹ̀ náà ni wọ́n sì fi ń jó o.

Kí a sọ pé awakọ̀ kan ra àńpìlífáyà tí wọ́n kọ 200 wáátì sí lára, ó sì ra sípíkà tí wọ́n kọ 200 wáátì sí bákan náà. Ó gbà pé agbára wọn dọ́gba, nítorí náà wọ́n bára mu. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí sípíkà kan fi dákẹ́. Ẹni tí ó so wọ́n pọ̀ ní àńpìlífáyà ló lágbára jù. Ẹni tí ó ta ọjà ní awakọ̀ ló yí i sókè jù. Awakọ̀ ní sípíkà ni kò lágbára. Ó ṣeé ṣe kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣìnà, kò sì sí ọ̀nà tí wọ́n lè gbà mọ̀, nítorí ohun mẹ́rin tàbí márùn-ún tí ó yàtọ̀ síra ni wọ́n ń fi orúkọ kan pè. Owó awakọ̀ ti ṣòfò, orúkọ ọ̀gá ti bàjẹ́, ọmọ iṣẹ́ tí ó dúró tì wọ́n yóò sì gbé àìmọ̀ náà lọ sí ìsọ̀ tirẹ̀ lọ́jọ́ tí ó bá gba òmìnira. Ọ̀ràn èdè ni, kí ó tó di ọ̀ràn iná.

Ìpèsè àti ìfaradà

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ ní ṣíṣe àkíyèsí ni pé nọ́ńbà tí ó wà lára àńpìlífáyà àti èyí tí ó wà lára sípíkà kì í sọ ohun kan náà. Àńpìlífáyà a máa fúnni. Sípíkà a máa gbà. Iye wáátì tí a kọ sára àńpìlífáyà ni ó sọ bí ohun tí ó lè fi ránṣẹ́ ti pọ̀ tó. Iye tí a kọ sára sípíkà sọ bí ohun tí ó lè gbà mọ́ra ti pọ̀ tó kí wáyà tín-ín-rín tí a ká sí inú rẹ̀ tó jóná. Àwọn tí ń sọ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ń lo orúkọ kan fún méjèèjì, ìdí sì nìyí tí ìdàrúdàpọ̀ fi wà láàárín àwọn náà. Yorùbá kò ní ìdí láti jogún àṣìṣe onílé àti àlejò pọ̀. Ìpèsè ni kí a pe ti àńpìlífáyà. Ìfaradà ni kí a pe ti sípíkà. Ẹni tí ó bá gbọ́ pé ìpèsè jẹ́ 200, tí ìfaradà sì jẹ́ 60, kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bèèrè ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀.

Ohun kejì ni àkókò. Nínú ìjàkadì, ẹnìkan lè gbé alátakò rẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí gbogbo ìran hó yèè. Èyí kò fi hàn pé ó lè jà láti òwúrọ̀ di ọ̀sán. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ rí. Agbára òjijì wà, èyí tí ẹ̀rọ lè pèsè tàbí kí ó fara dà fún ìṣẹ́jú akàn. Agbára àìdábọ̀ sì wà, èyí tí ó lè máa bá lọ láìsinmi. Àwọn tí ń tajà fẹ́ràn láti kọ agbára òjijì gàdàgbà sí ara páálí, nítorí òun ni ó máa ń pọ̀ jù.

Àpẹẹrẹ tí ó ya ni lẹ́nu jù ni rédíò ọkọ̀ tí wọ́n kọ “50 wáátì lọ́nà mẹ́rin” sí lójú. Bátìrì ọkọ̀ jẹ́ 12 fóltì. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ó lè tó 14.4. Sípíkà ọkọ̀ tí ó wọ́pọ̀ jẹ́ 4 ọ́ọ̀mù. Bí a bá fi 14.4 lọ́po ara rẹ̀, a ó rí 207.36, bí a bá fi 4 pín in, a ó rí 51.84. Ibẹ̀ ni 50 náà ti wá. Ṣùgbọ́n kí rédíò tó lè pèsè iye yìí, ìró inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti bàjẹ́ pátápátá, kí gbogbo orí ìgbì rẹ̀ sì ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí ìgbì náà bá ṣì jọ̀lọ̀, ìdajì iye yìí, èyíinì ni nǹkan bí 26 wáátì, ni òkè téńté. Nígbà tí a bá sì yọ ohun tí ń ṣòfò nínú ẹ̀rọ kúrò, nǹkan bí 15 sí 22 wáátì ni ó máa ń kù fún sípíkà kọ̀ọ̀kan. Rédíò náà kò purọ́, kò sì sọ òótọ́. Agbára òjijì ni ó ń kéde níbi tí ẹni tí ń rà á ti ń retí agbára àìdábọ̀.

Ìjọba Amẹ́ríkà rí irú ewu yìí nínú ọjà ẹ̀rọ orin inú ilé, ó sì ṣe òfin ní 1974 pé agbára àìdábọ̀ ni kí àwọn olùṣe àńpìlífáyà máa kéde. Ní 2003, ẹgbẹ́ àwọn olùṣe ẹ̀rọ ní ilẹ̀ náà gbé ìlànà CEA-2006 jáde fún àńpìlífáyà ọkọ̀: 14.4 fóltì ni kí a fi wọ̀n ọ́n, lórí 4 ọ́ọ̀mù, kí ìdàrú ìró má sì ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ìlànà náà kò ràn ẹni tí kò ní ọ̀rọ̀ tí yóò fi bèèrè lọ́wọ́. Oníbàárà tí ó bá lè sọ pé, “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀gbọ́n, ìpèsè àìdábọ̀ rẹ̀ ńkọ́?” ti gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ìdajì ẹ̀tàn inú ọjà.

Ìdènà

Ọ̀rọ̀ kẹta tí kò ṣeé fi sílẹ̀ ni ìdènà. Bí iná ti ń ṣàn nínú wáyà, sípíkà a máa dí i lọ́nà dé ìwọ̀n kan. Ọ́ọ̀mù ni a fi ń wọn ìwọ̀n náà. Àwọn olùkọ́ kan ti ń lo ìdènà fún ohun tí kì í yí padà, bí i ti wáyà lásán. Ti sípíkà máa ń yí padà bí ìró bá ti ń lọ sókè tàbí sísàlẹ̀, nítorí náà àpapọ̀ ìdènà ni ó bá a mu, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè mọ̀ pé nọ́ńbà 4 tí ó rí lára sípíkà jẹ́ ìwọ̀n àfojúdá kan, tí kì í ṣe iye tí ó dúró gbọin.

Níhìn-ín ni ọ̀pọ̀ àńpìlífáyà ti ń kú. Bí àńpìlífáyà kan bá ń pèsè 100 wáátì fún sípíkà ọlọ́ọ̀mù 4, ìtì rẹ̀ jẹ́ 20 fóltì, ìṣàn rẹ̀ sì jẹ́ 5 áńpíà. Bí ọmọ iṣẹ́ bá wá so sípíkà kejì mọ́ ọn ní ìsopọ̀ ìfẹ̀gbẹ́kẹ̀gbẹ́, tí àwọn méjèèjì jọ ń fa iná láti ojú kan náà, àpapọ̀ ìdènà yóò já sí 2 ọ́ọ̀mù. Ìtì ṣì jẹ́ 20 fóltì, ṣùgbọ́n ìṣàn ti di 10 áńpíà, ohun tí wọ́n sì ń bèèrè lọ́wọ́ ẹ̀rọ náà ti di 200 wáátì. Bí a kò bá ṣe é fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, yóò gbóná, yóò pa ara rẹ̀, tàbí kí fíùsì já. Ẹni tí ó bá fi wáyà lásán rọ́pò fíùsì tí ó já náà ti ń pe iná sí inú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ìsopọ̀ ìtẹ̀léra ni ó lò, tí iná ń gba inú ọ̀kan kọjá bọ́ sínú èkejì, ìdènà yóò di 8 ọ́ọ̀mù, ìdajì ìṣàn àtijọ́ ni yóò sì máa kọjá.

Ọmọ iṣẹ́ tí kò ní ju “agbára” lọ lẹ́nu yóò rò pé sípíkà méjì ti pín agbára ẹyọ kan láàárín ara wọn, bí ọmọ méjì ti ń pín iṣu kan. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé sípíkà kejì ti la ẹnu ọ̀nà sí i fún iná. Níbi tí a ti ní ìdènà, ìtì àti ìṣàn ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àlàyé yìí kò gba ju gbólóhùn mẹ́ta lọ. Níbi tí a kò ti ní wọn, ẹ̀rọ jíjó nìkan ni olùkọ́.

Ìgélórí

Ohun tí ó ṣòro jù láti gbàgbọ́ ni pé àńpìlífáyà kékeré lè ba sípíkà ńlá jẹ́. Ìgbì ìró a máa gòkè, a sì máa sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí awakọ̀ bá yí àńpìlífáyà kọjá ibi tí ìpèsè rẹ̀ mọ, ìgbì náà kò lè gòkè mọ́. Orí rẹ̀ a gé, a sì tẹ́ bí òrùlé alámọ̀. Ìgélórí ni orúkọ tí ó bá a mu. Etí a máa kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n: ohùn olórin a há, ìlù a máa pa bí ẹni ń lu páànù. Bí ìgélórí bá dé góńgó, agbára ìgbì náà a di ìlọ́po méjì ti ìgbì jíjọ̀lọ̀ tí gíga rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Àńpìlífáyà tí ìpèsè àìdábọ̀ rẹ̀ jẹ́ 50 wáátì lè tipa bẹ́ẹ̀ máa ti nǹkan bí 100 wáátì sínú sípíkà tí ìfaradà rẹ̀ jẹ́ 60. Àwọn ìró tín-ín-rín tí kò sí nínú orin tẹ́lẹ̀ a sì tún bọ́ sí i, a máa lọ bá sípíkà kékeré tí ń gbé ìró òkè, èyí tí ìfaradà rẹ̀ kéré jù lọ.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní “agbára àńpìlífáyà kéré, kò lè pa sípíkà” ti fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tan ara rẹ̀ jẹ. Bákan náà ni ẹni tí ó rò pé bí a bá sọ wáátì di ìlọ́po méjì, ariwo yóò di ìlọ́po méjì. Desibẹ́ẹ̀lì 3 péré ni ìlọ́po méjì wáátì ń fi kún ìró, etí ènìyàn a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ̀ ọ́n. Kí ìró tó dà bí ìlọ́po méjì létí, wáátì ní láti di nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá. Sípíkà tí ó bá já fáfá, tí ń fi wáátì díẹ̀ ké púpọ̀, ṣe olówó díẹ̀ ní àǹfààní ju àńpìlífáyà ńlá lọ.

Okun, agbára àti ipá

Gbogbo èyí ń tọ́ka sí gbòǹgbò ọ̀ràn náà. Agbára ti di ẹrú tí gbogbo ilé ń rán níṣẹ́. Nínú ìwé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tí wọ́n túmọ̀ sí Yorùbá, ó wọ́pọ̀ láti rí i pé òun ni wọ́n lò fún ohun tí ń ti nǹkan, fún ohun tí ó wà nípamọ́ nínú bátìrì, àti fún bí iṣẹ́ ti ń yára tó. Èdè náà kò ṣàìní ọ̀rọ̀ mìíràn. Ipá wà fún ohun tí ń ti nǹkan tàbí tí ń fà á. Okun wà fún ohun tí ó wà nípamọ́ tí a lè ná: oúnjẹ a máa fún ara lókun, ẹni tí ebi ń pa a sì máa ní òun kò lókun nínú mọ́. Bí a bá fi okun fún ohun tí bátìrì ń tọ́jú, tí a fi ipá fún títì àti fífà, agbára yóò wá ní àyè láti jẹ́ ohun kan péré: iye okun tí ń jáde ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Ohun tí wáátì ń wọ̀n gan-an nìyí.

Àwọn kan yóò ní àwọn ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí jọra lẹ́nu akéwì àti lẹ́nu àgbà, kò sì tọ́ láti yà wọ́n nípá. Èsì èyí wà nínú ìtàn àwọn èdè mìíràn. Ní 1847, nígbà tí Hermann von Helmholtz, onímọ̀ ará Jámánì, kọ ìwé rẹ̀ tí ó lókìkí lórí bí okun kì í ti í ṣègbé, Kraft ni ó pè é, ọ̀rọ̀ tí àwọn ará ilẹ̀ rẹ̀ ń lò fún ipá. Ní Ìlú Ọba, ọdún 1807 ni Thomas Young dábàá ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún okun lónìí, ó sì pẹ́ kí gbogbo ènìyàn tó gbà á. Kò sí èdè tí Ọlọ́run dá àwọn ìyàtọ̀ wọ̀nyí mọ́. Àwọn ọ̀mọ̀wé ni wọ́n jókòó, tí wọ́n mú ọ̀rọ̀ ìgboro, tí wọ́n sì fún un ní ààlà. Akéwì kò pàdánù ohunkóhun: nínú ewì, okun àti agbára ṣì lè máa jẹ́ ìbejì.

Ohun tí ó yẹ kí a yá, àti ohun tí kò yẹ

Ó yẹ kí a ya orúkọ ẹ̀rọ sọ́tọ̀ kúrò lára orúkọ ìṣesí ẹ̀rọ. Nígbà tí rédíò dé Èkó nípasẹ̀ wáyà ní 1935, àwọn ènìyàn sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1959, ó di amóhùnmáwòrán. Àwọn orúkọ wọ̀nyí dára, wọ́n sì dùn. Ṣùgbọ́n orúkọ ẹni tí ó jókòó sí pálọ̀ ni wọ́n: ohun tí olùgbọ́ rí ni wọ́n sọ, wọn kò sọ ohun tí ẹni tí ó mú súkúdíráfà lọ́wọ́ ń bá jà. Gbohùngbohùn ni àpẹẹrẹ ewu tí ó wà níbẹ̀: àwọn kan fi ń pe ohun tí a ń sọ̀rọ̀ sí, àwọn mìíràn fi ń pe ohun tí ọ̀rọ̀ ń ti inú rẹ̀ jáde. Ọmọ iṣẹ́ tí a bá rán lọ ra gbohùngbohùn lè mú èyí tí a kò rán an wá. Pẹ̀lúpẹ̀lù, ohùn ni wọ́n fi sínú fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo irú orúkọ bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ti pẹ́ tí wọ́n ti fi ìró fún ohun gbogbo tí etí ń gbọ́, tí wọ́n sì fi ohùn sílẹ̀ fún òkè, àárín àti ìsàlẹ̀. Ìlù kò ní ohùn ènìyàn. Ìró ni sípíkà ń gbé jáde.

Nítorí náà, kò sí ìtìjú nínú yíyá sípíkà, àńpìlífáyà, bátìrì àti fíùsì. Wọ́n ti gbilẹ̀ lẹ́nu ará Ọ̀fà, wọ́n sì ti gba ohùn Yorùbá. Ti wáátì, fóltì, áńpíà àti ọ́ọ̀mù tilẹ̀ rọrùn jù: orúkọ ènìyàn ni wọ́n, James Watt ará Sikọ́tíláǹdì, Alessandro Volta ará Ítálì, André-Marie Ampère ará Faransé àti Georg Ohm ará Jámánì, a kì í sì í túmọ̀ orúkọ ènìyàn. Ohun tí kò yẹ ní yíyá ni ìpèsè, ìfaradà, ìdènà, ìtì, ìṣàn, ìgélórí, àìdábọ̀ àti òjijì. Ìwọ̀nyí ni ọpọlọ fi ń ronú. Ẹni tí ó bá yá wọn láìmọ ohun tí wọ́n dúró fún yóò máa pe orúkọ bí ayékòótọ́.

Àpẹẹrẹ wà tí ó fi hàn pé irú ètò bẹ́ẹ̀ lè yọrí sí rere. Láti 1970 ni Yunifásítì Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún odidi ọdún mẹ́fà, nínú ètò tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá ṣe agbátẹrù rẹ̀. Ní 1984, ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀ jáde. Ní 1990, apá kejì tẹ̀lé e lábẹ́ àbójútó Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì. Nínú ẹ̀kọ́ èdè, fáwẹ̀lì àti kọ́ńsónáǹtì jẹ́ àyálò, ọ̀rọ̀-orúkọ àti ọ̀rọ̀-ìṣe jẹ́ ti ilé, wọ́n sì jọ ń gbé láìjà. Ohun tí ó ṣeé ṣe fún gírámà ṣeé ṣe fún iná.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ṣẹ̀dá ní yàrá ìpàdé, tí wọ́n sì fi pa mọ́ sínú ìwé, kò yàtọ̀ sí owó tí ìjọba tẹ̀ tí kò dé ọjà. Ọ̀fà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga Pólì ti ìjọba àpapọ̀ láti 1992, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ìmọ̀ iná ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ìsọ̀ tí wọ́n ti ń fi Yorùbá ṣe iṣẹ́ náà kò sì jìnnà síbẹ̀. Àwọn tí ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ jókòó ní irú ìsọ̀ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó kọ ìwé wọn. Kí wọ́n sọ “ìfaradà” fún ọmọ iṣẹ́, kí wọ́n wò bóyá yóò gbé sípíkà tí ó yẹ. Kí wọ́n sọ “ìgélórí”, kí wọ́n wò bóyá yóò na ọwọ́ láti dín ìró náà kù. Èyí tí ó bá kùnà, kí wọ́n jù ú nù láìbínú. Bí ọ̀gá ìsọ̀ bá sì ti ní èyí tí ó dára ju tiwọn lọ, kí wọ́n gbà á.

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Bí àńpìlífáyà ti gbọ́dọ̀ bá sípíkà mu, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ bá ohun tí ó ń pè mu. Nínú ìjàkadì, onídàájọ́ tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ọmọdé àti géńdé, tí ó ń pe gbogbo wọn ní alágbára, ni ẹ̀bi yóò kọ́kọ́ lé lórí nígbà tí ọrùn bá ṣẹ́.